Òkú Tó Ń Mí

Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá mi kú. Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan ní Ìkòròdú, nínú pálọ̀ lándílọ́ọ̀dù wa. Ìṣojú mi ló ṣe, èmi gan-an ni mo sì bá a di bàtà rẹ̀ mú. Fíìmù ni wọ́n ń yà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, nígbà tí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tán tí kò tíì rí àga jókòó, kò sì sí ohun tó ń yà mí lẹ́nu láyé yìí ju fíìmù Yorùbá lọ.

Ẹni tí kò bá gbé ayé ìgbà náà lè máa rò pé àsọdùn ni mò ń sọ. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò dúdú ràgàjì ṣì wà nílé gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n sídì ti ń lé e jáde díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá mi gbé ẹ̀rọ sídì dé láti Èkó, mo yọ́ sídì kan mú, mo gbé e jáde sínú oòrùn. Òṣùmàrè yọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo yí i sọ́tùn-ún, òṣùmàrè yí. Mo yí i sósì, ó tún bá mi yí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé níbo gan-an ni àwọn ènìyàn wà nínú nǹkan pẹlẹbẹ yìí. Ilé wọn, mọ́tò wọn, ẹkún wọn, ibo ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí? Àwọn tó mọ̀wé ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Mo máa ń mi orí pé ó ti yé mi. Irọ́ ni, kò yé mi rárá.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú níbẹ̀, tí a ti ń yá fíìmù. Obìnrin tó ni ín máa ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ẹ̀yìn sídì kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e lé ọ lọ́wọ́, á sì kìlọ̀ fún ọ bí ẹni tó ń gbé ọmọ jòjòló fún àjèjì. Kò sí bí o ṣe bẹ̀ ẹ́ tó, kò ní sọ bí fíìmù ṣe parí fún ọ. Bẹ́ẹ̀ fíìmù ìgbà náà kì í sì í parí. Ibi tí ọkọ bá ti ṣílẹ̀kùn bá ìyàwó rẹ̀ tó ń po nǹkan sínú ọbẹ̀, ibẹ̀ ni orin á ti hó yè, wọ́n á ní kí ẹ máa retí apá kejì. A ó sì máa retí. Oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, a ó máa jà lórí ohun tó wà nínú ọbẹ̀ náà. Àwọn ọmọ mi báyìí, bí fíìmù bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lórí fóònù, wọ́n á bínú pa á tì.

Màmá mi fẹ́ràn fíìmù ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n n kò rántí pé ó wo ọ̀kan parí rí. Ọ́fíìsì kan ní Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ó ti wà lórí ìlà ọkọ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́, ó ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú bàtà gíga lọ́wọ́ àti sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Bó ṣe rí fún gbogbo àwọn àgbà ẹ́sítéètì wa nìyẹn. Wọ́n fi owó oṣù háyà ilé tó dára, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Bí màmá mi bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n tó ka orúkọ àwọn òṣèré tán, orí rẹ̀ ti ṣubú sí àyà. Tí a bá jí i, á ní, “Mò ń wò ó. Ta ló pa ọ̀gá yẹn?” Kò tíì sẹ́ni tó kú nínú fíìmù náà rárá.

Ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ńlá lándílọ́ọ̀dù là ń gbé. Ilé ńlá náà ní àtẹ̀gùn nínú pálọ̀, èyí sì tó kí àwọn oníṣẹ́ fíìmù máa wá a wá. Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti dé láti àárọ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, iná lórí ọ̀pá àti jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo. Ó ku ìran kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ yà: ìyàwó ilé ti kú, wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀, àwọn ẹbí ń sunkún. Ṣùgbọ́n obìnrin tó yẹ kó ṣe òkú náà kò yọjú. Ó ránṣẹ́ pé wòlíì òun ríran, pé kí òun má ṣe jẹ́ kí wọ́n da aṣọ funfun bo òun lọ́dún náà.

Olùdarí wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn tó dúró wòran. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bẹ Yorùbá kó ṣe olè nínú fíìmù, á ṣe é. Bẹ̀ ẹ́ kó ṣe wèrè, á ní aṣọ wo ni kí òun fà ya. Ṣùgbọ́n sọ pé kó ṣe òkú, kíá lá fi ọwọ́ yí orí ká: “Orí mi kọ̀ ọ́! Kì í ṣe èmi!” Obìnrin mẹ́ta ló yí orí wọn ká lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀kan tilẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Èmi àti màmá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí ó bi olùdarí náà pé, “Ẹ ní kí ènìyàn kàn dùbúlẹ̀ ni? Kò ní sọ̀rọ̀?”

“Kò ní sọ nǹkan kan, mọ̀mí.”

“Kò ní dìde?”

“Ẹ̀yin ẹ kàn sùn kalẹ̀, kí ẹ dijú.”

“Orí mátírẹ́ẹ̀sì?”

“Mátírẹ́ẹ̀sì gidi, mà.”

Màmá mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e fún mi. Bàbá mi wà l'Ọ́yọ̀ọ́ lópin ọ̀sẹ̀ náà. Ká ní ó wà nílé ni, bóyá ìbá dá a dúró. Wọ́n tẹ́ màmá mi sí àárín pálọ̀, wọ́n fi àtíkè kùn ún lójú títí ó fi ṣì, wọ́n ki òwú bọ ihò imú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì da aṣọ funfun bò ó dé àyà. Olùdarí kìlọ̀ fún un pé bí òun bá ti pàṣẹ, kó di èémí mú títí òun á fi ní ó tó. Ó ní ó yé òun.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣe ọkọ rẹ̀ wó lulẹ̀, ó ké. Àwọn obìnrin méjì ń ju ara wọn káàkiri. Omijé gidi ń bọ́ lójú wọn, ní ọ̀sán gangan, lórí màmá mi tó se ẹ̀wà fún wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé eré ni. Mo di bàtà náà mọ́ àyà, mo sì ń sunkún bíi tiwọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹkún eré àti ẹkún òótọ́, ojú kan náà ni wọ́n ń gbà jáde.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un yà láti ẹ̀gbẹ́ kejì, olùdarí ní, “Mọ̀mí, ẹ lè mí báyìí.” Màmá mi kò dáhùn. Ó tún un sọ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn ti ń sún lọ sẹ́nu ọ̀nà. Olùdarí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí sí i lẹ́nu, ó wá nà ró pẹ̀lú ojú ẹni tí nǹkan sú. Oorun ti gbé màmá mi lọ fọnfọn. Aṣọ funfun ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Òwú tó wà ní ihò imú òsì ń gbọ̀n bí ó ṣe ń mí.

Wọ́n gbọn ọ́n díẹ̀. Ó yí orí kúrò. Oòrùn ti ń lọ, lándílọ́ọ̀dù sì ti ń wo aago. Olùdarí mí kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ máa yà á lọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa rí i?”

Gbogbo ayé ló rí i. Nígbà tí fíìmù náà jáde lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, kò sí ọmọ tó gọ̀ tó ní àdúgbò wa tí kò rí i pé òkú ń mí. Ní Lásunwọ̀n, obìnrin oní-sídì yẹn kígbe pe màmá mi láti òdìkejì títì: “Òkú tó ń mí, ẹ káàbọ̀ o!” Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ń fi kí i lórí ìlà ọkọ̀ ní ìdájí. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nílé, ó sọ fún bàbá mi pé ojú ń ti òun, nítorí pé iṣẹ́ tó rọrùn jù lọ nínú fíìmù ni wọ́n gbé fún òun, òun kò sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun kan wà tó ká a lára ju ìtìjú lọ. Ó kó wa jọ, ó ní ẹni tó bá jẹ́ kí Ìyá Àgbà tó wà ní Ẹ̀pẹ́ gbọ́ nípa fíìmù náà, òun á fi ojú ẹni náà rí màbo. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí i. Ọmọ mẹ́ta ni Ìyá Àgbà bí, ó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí òkú méjì nínú wọn. Màmá mi nìkan ló kù. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, bí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń gbọ́ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé, “Ọlọ́hun, má ṣe jẹ́ kí n rí òkú èyí.” Ènìyàn tó ń gba irú àdúrà báyìí, ta ló máa lọ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ aṣọ funfun?

Èmi ni mo sọ ọ́. Wọ́n mú mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún ọlidé gígùn. A kọjá Ìmọ̀tà, a kọjá Àgbówà, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo débẹ̀ tí ọmọ aládùúgbò fi ń ṣe fọ́ńté sí mi pé tẹlifíṣọ̀n tiwọn tóbi ju tiwa lọ. Mo ní, “Màmá tèmi wà nínú fíìmù. Tìrẹ ńkọ́?” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ náà sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja, ìyá rẹ̀ lọ yá fíìmù náà, ó sì tayọ̀tayọ̀ wá pe Ìyá Àgbà lẹ́yìn ìrun Alááṣàrí pé kó wá wo ọmọ rẹ̀ tó ti di òṣèré.

Mo lè là á mọ́lẹ̀ nígbà náà pé irú ipa báyìí ni màmá mi kó. Mo ti rò ó títí, mo mọ ìdí tí n kò fi sọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àárò màmá mi ń sọ mí, mo sì fẹ́ rí i.

A jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ wọn, ẹ̀pà sísè wà nínú àwo. Ìyá Àgbà wọ ìborùn tó fi ń lọ sóde. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n bá gbé e sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Títí di òní ni ó ń yà mí lẹ́nu: màmá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó ní wákàtí náà, ó tún wà ní Ẹ̀pẹ́ nínú àpótí, ìyá rẹ̀ sì múra bí ẹni tó ń lọ pàdé rẹ̀.

Ìran náà dé. Aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ rí i, ẹ̀pà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí rìmóòtù, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti rí i. Ó fi orúnkún rìn lọ bá tẹlifíṣọ̀n náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì rẹ̀, níbi ojú màmá mi. Mo gbọ́ tó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, “Ìwọ náà. Ìwọ náà.” Mo ní, “Ìyá Àgbà, eré ni! Eré ni wọ́n fi ṣe!” Bí ẹni pé n kò sọ̀rọ̀ ni.

Ìran náà kọjá. Ó ní, “Ẹ dá a padà.”

“Ẹ jẹ́ ká pa á, Màmá,” ni aládùúgbò wa wí.

“Mo ní ẹ dá a padà.”

Wọ́n dá a padà sẹ́yìn. Ó gbé ojú sún mọ́ gíláàsì náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wo aṣọ funfun. Ó wo òwú. Èdè Ẹ̀pẹ́ ló fi sọ ọ́, n kò sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe dùn tó lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wí nìyí: “Ó ń mí. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ lápá òsì, ó là á sílẹ̀. Bó ṣe ń sùn láti kékeré nìyẹn. Wọn ò pa ọmọ mi. Ọmọ mi ń sùn ni.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín nínú pálọ̀ náà, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sípò. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tún un dá padà. Ó lé ní ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n dá a padà lọ́jọ́ náà. Àṣìṣe tí gbogbo Ìkòròdú fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni ìyá àgbàlagbà kan jókòó tì bí ẹni rí omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ kejì, a ti wà nínú ọkọ̀ Ìkòròdú kí oòrùn tó ràn. Nígbà tí a ó fi débẹ̀, màmá mi ti lọ síbi iṣẹ́, ni Ìyá Àgbà bá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ó kọ oúnjẹ. Ó ń wo gbogbo ẹni tó bá yọ ní kọ̀ọ̀nà. Àwọn ọmọ ẹ́sítéètì ń kọjá, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ìyá Òkú Tó Ń Mí nìyẹn, mo sì lé wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Màmá mi yọ nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, bàtà lọ́wọ́, sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Ìyá mi, ẹ má bínú.”

Ìyá Àgbà dìde. Mo rò pé ìfọ́tí ló kàn. Ó na ìka méjì, ó fi sábẹ́ imú màmá mi, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, “Ó rẹ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀?”

Màmá mi, tó ń bá gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, sunkún lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, “Ó rẹ̀ mí, Ìyá mi.”

“Dìde. Lọ sùn.”

Ìyá Àgbà lo oṣù kan gbáko lọ́dọ̀ wa. Òun ló ń jí ní ìdájí tó ń se oúnjẹ wa, kí màmá mi lè fi wákàtí kan kún oorun. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tún dárúkọ fíìmù náà nínú ilé.

Ọlọ́hun gbọ́ àdúrà Ìyá Àgbà. Ó gbó, ó tọ́, màmá mi ló sin ín. Lásìkò tí a fi ń ṣe ìyẹn, sídì náà ti ń kú lọ. Ṣọ́ọ̀bù Lásunwọ̀n di ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn ènìyàn ń so sídì mọ́ oko kí òṣùmàrè ara rẹ̀ lè máa lé ẹyẹ. Ẹnu yà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i ní oko kan lẹ́bàá ọ̀nà Àgbówà: gbogbo ìfẹ́ yẹn, gbogbo ìjà orí ọbẹ̀ yẹn, ó wá rọ̀ dirodiro lórí àgbàdo.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni màmá mi kú lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n sì fi òwú sí ihò imú rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá wò ó kí wọ́n tó bo ojú rẹ̀. Mo wo òwú apá òsì. Mo dúró. Mo mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni, èmi ìyá ọlọ́mọ méjì, ṣùgbọ́n mo dúró, mo ń retí, bí a ṣe máa ń retí apá kejì. Ìbátan kan ló rọra fà mí kúrò.

Nígbà tí à ń kó ẹrù rẹ̀, mo rí sídì náà nínú àpótí kan, nínú ọ̀rá, láàárín àwọn lẹ́tà ibi iṣẹ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé ó tọ́jú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á nílé ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Mo gbé e kiri títí mo fi dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ní Lásunwọ̀n tó ń tún rédíò ṣe, ó sì fa ẹ̀rọ kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan. Ó nu ẹ̀yìn sídì náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń nù ún. Àwòrán náà ń há, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ń fò. Mo ń bẹ Ọlọ́hun kó má fo ibẹ̀.

Kò fò ó. Pálọ̀ lándílọ́ọ̀dù hàn, àtẹ̀gùn hàn, ọkùnrin yẹn wó lulẹ̀. Màmá mi sì wà níbẹ̀, ẹni ọdún márùndínlógójì, ó fi ọdún kan ṣe àbúrò mi báyìí. Aṣọ funfun gòkè. Ó sọ̀ kalẹ̀. Òwú gbọ̀n.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí i. “Ẹ wo àwọn wọ̀nyí! Ẹ wo òkú tí wọ́n tẹ́, ó ń mí!”

Mo ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì náà kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ní, “Màmá mi ni, sà. Wọ́n ń sùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà.”